Èsì: Olùkọ́ tuntun tí ariwo kíláàsì borí

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ ní olùkọ́ yín tuntun ní Práímárì 3 ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, síbẹ̀ àwọn ọmọ ò dákẹ́. Ẹ má tíì fún un ní kúẹ́rì. Ẹ fi olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tì í. Kó má jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ APER rẹ̀, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, torí kò ní lè sọ ibi tó ti ń dùn ún fún yín.

Kí olùkọ́ tó ti pẹ́ náà jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìṣẹ́jú 20, kó kọ ohun méjì péré sílẹ̀: ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí olùkọ́ ń ṣe lásìkò náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ló kọ sí wọn, ó ń kọ nóòtì gígùn sí bọ́ọ̀dù, ọwọ́ àwọn ọmọ sì dilẹ̀. Kó máa kọ ìlà mẹ́ta, kó yíjú sí wọn, kí wọ́n kà á sókè, kó tó kọ òmíràn.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló tó lọ́sẹ̀ kan, lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá ka àṣìṣe mẹ́wàá sí i létí, kò ní mú ọ̀kankan. Nóòtì ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ sílẹ̀ kó tó kọ́ àwọn ọmọ ńkọ́? Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sáyè àtúnṣe mọ́.