Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: Àwọn Ọ̀dọ́ Hàwáì àti Oko Kókò

Àwọn ìbéèrè yìí wá lórí ohun tí a kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ ọmọ onílẹ̀ Hàwáì tí wọ́n ń tún oko kókò àwọn baba ńlá wọn dá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Kí ló pa kókò àti àṣà pọ̀? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà? — Olùkọ́ girama, Ìsẹ́yìn

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ni kókò jẹ́ fún wọn. Ìtàn wọn sọ pé òkú ni wọ́n bí àkọ́bí Wākea, baba ojú ọ̀run, àti Hoʻohōkūkalani. Wọ́n sin ín, kókò sì hù níbi tí wọ́n sin ín sí. Àbúrò tó tẹ̀ lé e, Hāloa, ni baba ńlá gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi já wọ oko. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á fi oli, ìyẹn orin ìpè, tọrọ ààyè bí ẹni ń júbà, àwọn tó wà nínú oko á sì fi oli dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá ṣí igbá poi, ìyẹn kókò tí wọ́n sè tí wọ́n sì gún, sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ìjà àti ọ̀rọ̀ burúkú di èèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà ńbẹ̀, ó sì le. Láti àwọn ọdún 1870 ni àwọn olóko ìrèké ti ń darí odò ìlà-oòrùn erékùṣù Maui lọ sí oko tiwọn, tí oko kókò ń gbẹ. Ọdún 2018 ni àjọ ìjọba tó ń rí sí omi tó pàṣẹ pé kí omi padà sínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò náà. Ní Waiʻanae, lórí erékùṣù Oʻahu, Eric Enos àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò rí oko àtijọ́ tí igbó ti bò ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi páìpù fa omi òkè padà síbẹ̀. Ibẹ̀ ló di Kaʻala Farm. Ọmọ tó bá ru páìpù gun òkè mọ ohun tí omi jẹ́ ju ẹni tó kà á nínú ìwé lọ.

Ìbéèrè: Mo ní àkùrọ̀ kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa máa dá. Báwo làwọn ará Hàwáì ṣe ń gbin tiwọn gan-an, kí ló sì máa ń bàjẹ́? — Àgbẹ̀, ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó ṣán koríko kankan. Wọ́n máa ń la ojú omi láti odò wá sí oko tó ga jù. Omi á ti ibẹ̀ bọ́ sí ti ìsàlẹ̀, á sì padà sínú odò. Kò gbọdọ̀ dúró sójú kan. Bó bá gbóná kọjá nǹkan bíi 25 °C, àrùn Pythium á mú kí gbòǹgbò àti iṣu máa rà. Ibi tí ìṣàn bá ti lọ́ra ni ìjẹrà ti ń kọ́kọ́ yọjú.

Huli ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n á gé orí iṣu kókò tí wọ́n wà, kó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 1, pẹ̀lú ọ̀pá ewé tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, wọ́n á gé ewé dànù. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ lábẹ́ òjìji kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrọ̀fọ̀. Kí àlàfo tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60. Omi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 tó níbẹ̀rẹ̀. Bí ewé tuntun bá yọ, ẹ lè gbé e dé 10.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni koríko ń dáni lágara, kí ewé tó pàdé, kó sì bo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ọ̀dọ́ ti ń forí ṣánpọ́n. Ọjọ́ gbígbìn, èrò á pọ̀. Ọjọ́ ríro, a ò ní rí ẹnì kan. Ẹ má ṣe la oko tó pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ yín lè ro lọ. Oṣù 9 sí 15 ni kókò fi ń gbó, nítorí náà ètò oṣù mẹ́ta kò bá a mu rárá: ọmọ tó bá gbìn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti wà á, láti gún un, kó sì gbé e fún àgbàlagbà jẹ. Ẹ sì ronú nípa owó. Ní MAʻO Organic Farms ní Waiʻanae, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ oko ń gba owó ọ̀yà, wọ́n sì ń rí ìrànwọ́ owó kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní dúró ṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún kan.

Ìṣáwùrú àjèjì tó wọ Hàwáì ní 1989 ń jẹ kókò tutù. Wọ́n ń fọwọ́ ṣa òun àti ẹyin rẹ̀ aláwọ̀ osùn, wọ́n sì ń da pẹ́pẹ́yẹ sí oko tó ti dàgbà. Tiwa níbí ni àrùn tó ń jó ewé, tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 2009. Ẹ má gba ohun ọ̀gbìn látinú oko tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n.

Ẹni tó bá ní egbò kò gbọdọ̀ wọ omi oko, nítorí ìtọ̀ eku àti ẹran ọ̀sìn ń kó àrùn leptospirosis sínú rẹ̀. Ẹ se iṣu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ dáadáa, kí ewé sì pé wákàtí kan lórí iná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa yún ọ̀fun.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣé ẹ̀rí wà pé ọ̀rọ̀ kókò yìí ń mú ara le? — Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ̀rí tó dájú jù wà lórí oúnjẹ fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí tí dókítà Terry Shintani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1991, ọmọ onílẹ̀ Hàwáì 20 jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, tí kókò wà lára rẹ̀, ní àjẹyó fún ọjọ́ 21 ní Waiʻanae. Ìwọ̀n ara wọn fi kílò 7.8 wálẹ̀ ní ìpíndọ́gba, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ọjọ́ 21 kéré, èèyàn 20 náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Kalihi lórí Oʻahu, Kōkua Kalihi Valley, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi pé ó ń bójú tó ilẹ̀ tó tó éékà 100, Hoʻoulu ʻĀina, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń dáko. Ẹ kìlọ̀ fún aláìsàn yín tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ pé kó má yí oúnjẹ padà lójijì láìsọ fún dókítà, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ jù.