Yẹ gàárì rẹ wò kí o tó dá ẹsẹ̀ rẹ lẹ́bi

Àbúrò mi, o ní time trial àkọ́kọ́ tí o máa sá nílẹ̀ òkèèrè ku oṣù méjì, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ tí kálukú ń dá sá, tí aago á sì sọ ẹni tó yára jù. O ní nígbàkígbà tí o bá dánra wò fún kìlómítà 25, ara rẹ á le dáadáa títí dé ìdajì, lẹ́yìn náà wáàtì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wa kẹ̀kẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kóòṣì rẹ ní agbára ẹsẹ̀ rẹ ni kò tó. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá agbára ẹsẹ̀. Agbára náà wá lóòótọ́, aago kò yí padà.

Gbólóhùn kékeré kan tí o fi sáàárín ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ dì mú. O ní láti ìdajì lọ, o máa ń gbé àyà sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan "kí ara lè sinmi." Ibo lára rẹ gan-an ló ń wá ìsinmi? Ṣé ọrùn ni, àbí ẹ̀yìn, àbí ibi tí o fi jókòó?

Tèmi, ibi tí mo fi jókòó ni. Tí èèyàn bá tẹ̀ síwájú tó gbé apá méjèèjì lé ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́, egungun ìbàdí á yí síwájú. Kì í tún ṣe ìdí ló ń gbé ẹ mọ́, ojú ara ni, ibi tí ẹran rẹ̀ rọ̀ jù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ibẹ̀ á kú, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Tó bá di ogún ìṣẹ́jú, á máa ta mí bí iná. Mo máa ń sún sẹ́yìn, mo máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa ń gbé àyà sókè. Bí àyà bá sì ti dìde ni afẹ́fẹ́ mú un. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sá ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára wa, ara ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló sì ń dí afẹ́fẹ́ náà jù, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Gbogbo owó tí mo ná sórí wíìlì àti akoto, mo ń dà á nù nígbà tí mo bá gbé àyà sókè.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ni kóòṣì mi, ọkùnrin ni mẹkáníìkì, ojú sì ń tì mí. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ibẹ̀ di egbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ìdíje tí mo ti yege fún sì kọjá lójú mi. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan wa ló bi mí ní tààrà, mo bú sẹ́kún, mo wá sọ gbogbo rẹ̀.

Nǹkan tí a ṣe kò le. A wá gàárì tí imú rẹ̀ kúrú tí àárín rẹ̀ sì ṣófo. Márùn-ún ni mo dán wò kí n tó rí èyí tó bá mi mu, nítorí náà má ṣe ra èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ ń lò torí pé ó bá a lára mu. A tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbé ibi tí mò ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé sókè díẹ̀, kò ju ìbú ìka kan lọ. Gbogbo èèyàn ló ní màá pàdánù àkókò nítorí ara mi ti ga sí i. Nígbà tí a dán an wò lójú ọ̀nà kan náà, n kò gbé àyà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Wáàtì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ogójì ìṣẹ́jú àáyá yára sí i. Látìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ìjókòó tó rẹlẹ̀ hàn mí, ohun tí mò ń bi í ni pé ìṣẹ́jú mélòó ló lè wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn: má wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́, fi ìpara pa ibẹ̀ kí o tó gùn, bọ́ ṣòkòtò náà kíá tí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, má sì fá irun ibẹ̀ ní kíkankíkan nígbà tí ìdíje bá ku díẹ̀. Egbò tèmi ti ibi irun tí mo fá ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe pàtàkì sí i, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń fún àwa obìnrin ń gùn sí i. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, kìlómítà 22.1 ni, Annemiek van Vleuten tó gba góòlù sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní Paris ní 2024, 32.4 ni, ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin, ó sì gba Grace Brown tó gba góòlù ní ìṣẹ́jú 39 ó lé. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú láìgbé àyà sókè! Ní Rio ní 2016, Kristin Armstrong, tí yóò pé ọdún 43 lọ́jọ́ kejì, ló gba góòlù, kò sì fi tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yára ju Olga Zabelinskaya tó ṣe ipò kejì lọ. Ro bí ìgbà mélòó tí èèyàn bá gbé àyà sókè ṣe lè jẹ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tán.

Tí o bá yí gàárì padà, jẹ́ kí wọ́n wọn kẹ̀kẹ́ rẹ kó tó di ọjọ́ ìdíje. UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ní òfin lórí ibi tí imú gàárì lè dé, bó ṣe lè dagun tó, àti bí ọ̀pá iwájú ṣe lè ga tó. Wọ́n sì máa ń yí i padà, nítorí náà ti ọdún tí o máa sá ni kí o kà. Ìgbà kan wà tí kẹ̀kẹ́ mi kò yege àyẹ̀wò nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí wọ́n pè mí sórí pẹpẹ tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Mẹkáníìkì ń lọ ìdè gàárì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ara mi tó ti gbóná sì tutù pátápátá. Aago kì í dúró de ẹni tó pẹ́, àsìkò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ ni wọ́n á fi ka tìrẹ.

Ó lè jẹ́ pé o tún ń fi agbára tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ eré, mi ò sẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ 240 wáàtì ni o lè gbé dé òpin, má ṣe kọjá 235 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Yóò dà bí ẹni tó ń ṣeré, má gbà á gbọ́. Ná agbára rẹ lórí òkè àti níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń kọjú sí ọ. Nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, sinmi, nítorí afẹ́fẹ́ ni yóò gba èyí tí o bá fi kún un.

Ní ti àwọn kọ́ọ̀nà, rìn wọ́n kí o sì gùn wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nínú ìdíje àgbáyé ní Imola, Italy, ní 2020, Chloe Dygert, agùnkẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, ń sá eré tó dára gan-an nígbà tó já lu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní kọ́ọ̀nà kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya gan-an. Ó padà gba ipò kìíní lágbàáyé nínú time trial ní 2023, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó gbà láàárín rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ọ̀la, kí o tó ka wáàtì kankan, gun kẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ní ìjókòó ìdíje, rọra gùn ún, má gbé àyà sókè rárá. Kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan kọ́kọ́ dùn ọ́ sílẹ̀, àti ibi tó ti dùn ọ́ gan-an. Fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Tó bá jẹ́ ibi tí ojú ń tì ọ́ láti dárúkọ ni, èmi ni kí o sọ fún kí o tó dé ọ̀dọ̀ kóòṣì, màá sì sọ bí mo ṣe bá tèmi sọ ọ́.