Èsì: Táǹkì lítà 60 kéré fún iyùn òkun

Ẹ kú ìbéèrè, ará Iléṣà. Ẹ ní ẹ rí táǹkì ẹja tòkunbọ̀ onílítà 60, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó láti fi sin iyùn òkun, ìyẹn ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹja olómi dídùn.

Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Omi máa ń fà, pàápàá lásìkò ọyẹ́, àmọ́ iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí lítà 2 bá fà nínú 60, iyọ̀ ti kọjá gíráàmù 36 nínú lítà kan nìyẹn, iyùn ò sì fẹ́ kí iyọ̀ máa yí padà. Nínú táǹkì onílítà 200, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀. (Omi tí kò níyọ̀ lẹ ó fi dí i o!) Omi kékeré tún máa ń tètè gbóná.

Bí owó bá ká a, ẹ wá èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45. Á gba bíi lítà 180. Ẹ má ra gíga gogoro, ìmọ́lẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Omi yẹn nìkan wúwo tó kílò 180 kí òkúta tó wọ̀ ọ́, tábìlì pákó lásán ò lè gbé e.

Ní Ifẹ̀ níbí, iná mànàmáná ló ń dà mí láàmú jù. Tí wọ́n bá ti mú un, pọ́ǹpù tó ń yí omi ká á dúró, atẹ́gùn inú omi á sì máa dínkù. Ẹ ra pọ́ǹpù alábátìrì kí ẹ tó ra iyùn kankan.