Ẹ má torí oyún dá oògùn ìfun dúró

Arábìnrin wa tó wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Ẹ ní oyún yín ti wọ oṣù kẹta, egbò ìfun ńlá tí wọ́n ń pè ní rectocolite ti rọlẹ̀, ẹnì kan wá ní kí ẹ fi Salazopyrine, oògùn ìfun yín, sílẹ̀ torí oyún máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì Treg, tó ń pẹ̀tù sí ìjà inú ara, pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oyún méjì ni èmi náà ti fi àìsàn yìí gbé.

Treg wà lóòótọ́. Wọ́n wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ lórí wọn ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, Shimon Sakaguchi, àti àwọn méjì mìíràn fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025. Àwọn ló ń fa ìjánu àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àìsàn. Ọmọ inú jọ àjèjì lójú ọmọ ogun wọ̀nyí, torí ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Treg ló ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ìfun tó ti gbiná lè kún fún Treg, kí àwọn ajagun ibẹ̀ má sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ má náwó lórí kíka Treg inú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò calprotectin inú ìgbẹ́, tó ń fi hàn bóyá ìfun ń gbiná, ni kí ẹ ṣe: tí kò bá tó 50 µg/g, ọkàn yín balẹ̀, tó bá kọjá 250, iná ti ń jó nìyẹn. Ẹ má fi VS (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rọ̀ sísàlẹ̀) ṣe ẹ̀rí, oyún fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sókè.

Ibi tó díjú nìyí. Salazopyrine kì í jẹ́ kí ara gba fólíìkì ásíìdì, fítámìn tí aboyún nílò, dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi miligíráàmù 2 kún un lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹrin, agbẹ̀bí á máa fún yín ní SP (sulfadoxine-pyrimethamine) láti dènà ibà ẹ̀fọn, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán oṣù kan sí ara wọn. Fólíìkì tó bá tó miligíráàmù 5 lójúmọ́ ń ba agbára SP jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni hóró oní-5 ló pọ̀ jù ní fámásì. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára páálí kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ sì gbé páálí Salazopyrine han agbẹ̀bí: sọ́fà (sulfa), èròjà tí ara àwọn kan máa ń kọ̀, wà nínú oògùn méjèèjì, ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ọ̀kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èkejì.

Tí orí bá ń fọ́ yín, párásítámọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ibuprofen tàbí diclofenac. Ìwọ̀nyẹn lè ru ìfun sókè. Ẹ yẹra fún àgbo ìwẹ̀nù ọjà Wàndó. Tí ẹ bá yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ kí wọ́n tó ní amíbà ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo infliximab, oògùn ìfun mìíràn tó ń dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù: ó ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bí, kí wọ́n má bàa gún un ní BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kòkòrò ààyè wà nínú rẹ̀, ní kété tó bá délẹ̀. Ẹni tó bá lóyún nígbà tó ń lo methotrexate, oògùn tó lè ba ọmọ inú jẹ́, kó dá a dúró, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Arábìnrin wa, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ pẹ̀lú ibà tàbí àyà tó ń lù kìkì, ọsibítù ni, ì báà ṣe lóru, ì báà ṣe lọ́sàn-án.