Ọ̀dà Píkọ́ọ̀pù Mi Ń Bó, Wọ́n Ní Wọ́ráńtì Kò Kàn Án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ra píkọ́ọ̀pù mi ní tuntun. Wọ́ráńtì rẹ̀ jẹ́ ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, mi ò sì tíì rìn tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ṣí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń wú, ó sì ti ń dípẹtà. Àwọn tó tà á fún mi ní atẹ́gùn òkun ló fà á, pé wọ́ráńtì kò kàn án. Ṣé kí n kúkú gbé e fún pẹ́ńtà? (Òǹkàwé kan, Ajah)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún pẹ́ńtà kankan. Bí sáńdípépà bá ti kan ibẹ̀, ẹ̀rí yín ti lọ nìyẹn.

Pírámà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) àkọ́kọ́ ló wà lára irin, pírámà kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀, kí kílíà (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀) tó wá bo gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ síta, kí ẹ wo abẹ́ ibi tó ṣí. Bó bá ń dán, tó rí bí eérú, tí irin kò hàn, tí ọ̀dà òkè sì ń ká kúrò bí ọ̀rá, á jẹ́ pé ọ̀dà ni kò mú pírámà. Iyọ̀ òkun kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Irin ló ń jẹ, abẹ́ ibẹ̀ ì bá ti pọ́n. Láti àárín ọdún 1980 lọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù Ford àti GM ṣí báyìí, torí wọn ò kun pírámà kejì, oòrùn wá gba inú àwọ̀ kọjá lọ jẹ pírámà ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kéékèèké tí àárín wọn pọ́n, òkúta ọ̀nà ni, wọn ò sì ní san án.

Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ká páànù pọ̀ ló ń wú, inú ni ìpẹtà ti ń jáde bọ̀: omi ti wọ ìṣẹ́po náà. Ibí ni wọ́n ti sábà máa ń mú oníbàárà. Wọ́ráńtì ìpẹtà tó gùn, bí ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kì í sábà sanwó àfi bí irin bá lu láti inú síta. Tiyín kò tíì lu, nítorí náà abẹ́ wọ́ráńtì tó kúrú ni kí ẹ ti bèèrè, kí ọdún 3 tó pé.

Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀dà wọn ojú 5 lórí páànù kọ̀ọ̀kan, níṣojú yín. Ọ̀dà iléeṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 (máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan). Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá lé ní 200 tí òrùlé jẹ́ 120, ó dà bíi pé wọ́n ti tún un kùn. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹni tó tà á ló ní àlàyé láti ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN (lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni), ọjọ́ tí ẹ rà á, kìlómítà, àti fọ́tò tí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó bó. Ẹ ní kí wọ́n fèsì ní kíkọ, kí wọ́n tọ́ka sí ìlà tí wọ́n fi kọ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ kó ìwé náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó dá a sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára. Kóòtù Small Claims (ti ẹjọ́ gbèsè kékeré) náà wà l'Ékòó fún owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ.

Ìbéèrè: Wọ́ráńtì tèmi ti parí. Pẹ́ńtà ní ká fi bọ́dì fílà dí ibi tó dípẹtà, ká kùn ún lónìí. Ṣé ó dáa? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Kò dáa rárá. Fílà máa ń fa omi, ìpẹtà á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ rẹ̀. Kí ó fi sáńdípépà 80 ha á títí irin yóò fi funfun, kó wọ inú ọ̀dà tó dáa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Kó má fi omi ha irin tó ti hàn. Àwọn ojú dúdú tó bá kù nínú ihò, ásíìdì fọsifọ́ríìkì ló ń pa wọ́n. Kó ṣàn án bí agolo ṣe wí, kó sì gbẹ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kó kun epoxy pírámà, èyí tí kì í jẹ́ kí omi kan irin, lẹ́ẹ̀mejì. Bí fílà bá pọn dandan, orí epoxy ló ń jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni pírámà 2K (èyí tí wọ́n ń po mọ́ hádénà), sáńdípépà 600 pẹ̀lú omi, àwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kílíà lẹ́ẹ̀mejì. Bí òjò bá ṣú, ẹ sún un síwájú.

Ìbéèrè: Ṣé ike tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ń dáàbò bo ọ̀dà? (Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ó ń gba ẹrù dúró, ṣùgbọ́n iyanrìn àti omi máa ń há sábẹ́ rẹ̀, ike náà á sì máa fi wọ́n ha ọ̀dà bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹ, torí wọ́ráńtì kì í sábà kan ohun tí ike bá ha. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ tú u, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìgbálẹ̀ tínínrín gún ihò tí omi ń gbà jáde.