Má sanwó fún ẹni tó fẹ́ bá ọ fa nọ́ńbà wálẹ̀

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò àdàkọ ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ bá ohun tí ẹlòmíràn ti kọ mu, ilé-ìwé ní kò gbọdọ̀ kọjá 20, ẹnìkan sì ti ní kí o mówó wá kí òun bá ọ fà á wálẹ̀. Má fún un. Mo gba ọ̀nà yẹn rí, ojú mi sì rí màbo.

Ìdá 27 ni tèmi. Mi ò tiẹ̀ ṣí àbọ̀ ayẹ̀wò náà wò. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo rí, àyà mi já, mo wá ẹnìkan lọ tó ní àkáǹtì ilé-ìwé mìíràn lórí ẹ̀rọ náà, mo sanwó. Òru mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn títí gbólóhùn mi fi rí wúruwùru, tó ń bá mi gbé e wọlé, tí mo tún ń pààrọ̀. Nígbà tó bọ́ sí 14, mo fò sókè.

Ọjọ́ tí mo wá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé gan-an, 96 ló gbé jáde, ojú ìwé pupa fòò láti òkè délẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kò pa ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ pamọ́, gbogbo ohun tó gbé wọlé ti wọ inú àká ẹ̀rọ, lórúkọ ilé-ìwé tí mi ò dé rí. Ara mi ni wọ́n ní mo jà lólè! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tó ní déètì, tí mo ṣèèṣì fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ló yọ mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni alábòójútó mi tó pè mí jókòó, tó ṣí àbọ̀ àkọ́kọ́. Nínú 27 yẹn, 11 jẹ́ àkójọ ìwé ìtọ́kasí, 6 jẹ́ àyọlò tí mo fi àmì sí, 3 jẹ́ ojú ìwé ìbúra tí gbogbo wa jọ ń dà kọ. Ó ku 7. Ìpínrọ̀ gígùn kan ni, ní orí kejì. Mo tẹ ìwé òǹkọ̀wé kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún, mo ń kọ tèmi lápá òsì, mo ń yí ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta padà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo dárúkọ rẹ̀ ní ìparí, mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Bàbá alábòójútó ní kí n pa ojú mi dé, kí n sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà ń wí fún òun lẹ́nu. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Nínú ẹ̀dà ìdá 14 tí mo sanwó lé lórí, ẹ̀rọ kò kun ìpínrọ̀ yẹn mọ́. Bàbá rí i lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé wọ́n ti ń wò ọ́ bí olè kí o tó ṣẹ̀. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì McGill ní Kánádà kọ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú Turnitin, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀wò àdàkọ yìí, wọ́n fún un ní òdo, ṣùgbọ́n ní 2004 ilé-ìwé gbà fún un, wọ́n máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ pe iléeṣẹ́ tó ni Turnitin lẹ́jọ́ nítorí pé ó ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá iléeṣẹ́ láre ní 2009. Bí o bá fẹ́ bá ilé-ìwé rẹ jà lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ò ní bá ọ tún orí kejì rẹ kọ.

Lálẹ́ yìí, ṣí àbọ̀ náà. Yọ àkójọ ìwé àti àyọlò kúrò nínú ìṣirò, ibi ètò rẹ̀ ni wàá ti rí i. Tí o bá fẹ́ tún gbé ẹ̀dà mìíràn wọlé, kọ́kọ́ bi ẹ̀ka rẹ bóyá ẹ̀rọ á tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o sọ fún mi: mélòó ló kù, ìpínrọ̀ wo ló sì gùn jù nínú àwọn tó kùn?