Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Àwọ̀ Ilé-Iṣẹ́ àti Àwọ̀ Àtúnṣe Lára Rìfọ́fà Àtijọ́

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí àwọn olùkójọ ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ń kọ sí wa: báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá àwọ̀ tó wà lára rìfọ́fà (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí) ni èyí tí ilé-iṣẹ́ fi gbé e jáde, tàbí èyí tí ẹlòmíràn tún ṣe sí i lẹ́yìn náà? Owó ńlá ló wà láàárín méjèèjì, nítorí rìfọ́fà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ṣùgbọ́n tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń níye lórí ju èyí tó ń dán gbinrin nítorí àtúnṣe lọ. Díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà rèé, pẹ̀lú ìdáhùn wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹnì kan fẹ́ ta Smith & Wesson kan fún mi, ìyẹn rìfọ́fà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń kọ mànà. Ẹni tó ń tà á búra pé láti ilé-iṣẹ́, ọwọ́ oníṣẹ́ kankan kò tíì kàn án. Mo ti wo àwọ̀ náà títí, n kò rí àléébù kankan. Kí ni kí n tún wò?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilé ọta, kí ẹ fi ojú rí i, kí ẹ sì fi ìka kàn án, pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbọn náà síbi tí iná ti ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i, kí ẹ mú awò amúhuntóbi, kí ẹ sì wo irin fúnra rẹ̀: etí rẹ̀, lẹ́tà ara rẹ̀, àti ojú ihò síkúrúù rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọ̀ búlúù kì í ṣe ọ̀dà. Ojú irin gan-an ló yí padà di àwọ̀ náà, ó sì tín-ínrín débi pé kò lè bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwọ̀ tuntun sí irin tó ti gbó ní láti kọ́kọ́ lọ ojú irin náà, kí ìpẹtà àti gbogbo ibi tó ti họ lè kúrò. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè mú àwọ̀ tó jọ ti ilé-iṣẹ́ jáde, ṣùgbọ́n irin tó ti lọ̀ kúrò kò ṣeé dá padà.

Lẹ́tà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn mọ́ irin, irin tó ń sá fún òǹtẹ̀ náà máa ń yọ sókè díẹ̀ ní etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti mú irin dán tán ni wọ́n lu òǹtẹ̀ náà, etí tó yọ yìí á wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá fi ìka rà á jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irin kò ní fi í sílẹ̀ bó bá tún kọjá níbẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ jinlẹ̀ nígbà tí ìparí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tàbí kí ojú lẹ́tà fẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà gbà kọjá. Lára rìfọ́fà Colt, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, àmì ẹṣin tó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni èmi máa ń wò. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín bá ti ṣá nígbà tí àyà rẹ̀ ṣì hàn dáadáa, ara mi kì í balẹ̀ mọ́.

Ẹ bọ́ sí ojú ihò síkúrúù. Kẹ̀kẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń dán irin máa ń rọ̀, nítorí náà, bó bá dé etí ihò, ó máa ń rì wọ inú rẹ̀ díẹ̀, á sì lọ etí náà títí tí ojú ihò á fi tẹ́ bí àwo. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Etí ihò máa ń mú, orí síkúrúù á sì bá ara irin dọ́gba. Ohun kan náà ni kí ẹ wò lára àwọn kòtò gígùn tó wà lára ilé ọta, nítorí etí wọn gbọ́dọ̀ hàn ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Smith & Wesson tún ní ẹlẹ́rìí kan tí kì í purọ́, ìyẹn ìbòrí pẹlẹbẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara ìbọn. Ilé-iṣẹ́ máa ń dán ìbọn náà nígbà tí ìbòrí yìí bá wà ní àyè rẹ̀, tó fi jẹ́ pé èèyàn ní láti wá ìlà tó yí i ká kó tó rí i. Ẹni tó bá yọ ìbòrí náà sọ́tọ̀ kó tó dán an á lọ etí méjèèjì títí wọn ò fi ní mú mọ́, ìlà náà á sì wá hàn láti òkèèrè. Bí ẹ bá sì rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà jẹ, tí àwọ̀ búlúù tó mọ́ sì wà nínú wọn dé ìsàlẹ̀, kò tún sí àríyànjiyàn mọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ kò fi irin tó ti dógùn-ún ránṣẹ́ sọ́jà.

Àfi ìgbà tí irin bá ti jẹ́rìí tán ni kí ẹ tó padà sórí àwọ̀. Ẹ lo ìtúsíkúrúù tó bá ojú síkúrúù mu rẹ́gí, kí ẹ tú igi èèkù, kí ẹ sì fi àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ wé ti ìta. Láyé ìgbà tí ẹ sọ yẹn, inú ààrò, pẹ̀lú èédú egungun, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti máa ń ṣe àwọ̀ búlúù wọn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àtúnṣe òde òní ń lo omi iyọ̀ gbígbóná, ìyẹn sódà olóró àti nítírétì tí wọ́n sè dé nǹkan bí ìwọ̀n 140 Sẹ́ńtígíréèdì. Àwọ̀ tó ń jáde nínú èyí sábà máa ń dúdú ju ti ààrò lọ, ó sì lè ṣe elésèé àlùkò lára irin tí wọ́n ti mú le. Bí ó bá jẹ́ pé ibi kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi oògùn àwọ̀ búlúù tútù inú ìgò tọ́ sí, ẹ fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ títí yóò fi móoru, kí ẹ sì gbóòórùn ìka yín. Òórùn oògùn yẹn máa ń pẹ́ kó tó lọ.

Òòlù àti tírígà ìbọn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ búlúù bíi ti ara rẹ̀. Smith & Wesson máa ń sun méjèèjì nínú èédú egungun kí wọ́n lè le, àwọ̀ tó sì máa ń jáde lára wọn jẹ́ àdàlù búlúù, eérú àti pupa rẹ́súrẹ́sú; wọ́n tilẹ̀ fi àwọ̀ yìí forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà wọn. Lákòótán, ẹ wo ìsàlẹ̀ èèkù níbi tí nọ́ńbà ìbọn wà. Bí ìràwọ̀ kékeré kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, ìbọn yẹn ti padà sí ilé-iṣẹ́ fún àtúnṣe rí, ẹ sì lè bá oṣù àti ọdún àtúnṣe náà tí wọ́n fi nọ́ńbà kékeré kọ lábẹ́ igi èèkù. Àtúnṣe ilé-iṣẹ́ sàn ju ti oníṣẹ́ ìta lọ, nítorí ọwọ́ àti ẹ̀rọ tó ṣe é lákọ̀ọ́kọ́ ló tún un ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà ni. Ẹni tó búra fún yín pé ọwọ́ kankan kò kàn án ní láti ṣàlàyé ìràwọ̀ náà.

ÌBÉÈRÈ: Mo jogún Smith & Wesson kékeré kan, irú èyí tó máa ń ṣí láti òkè tí ọ̀pá rẹ̀ á sì tẹ̀ síwájú. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi bò ó, gbogbo rẹ̀ ló sì funfun, títí kan òòlù, tírígà àti irin tó yí tírígà ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ní funfun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà?

ÌDÁHÙN: Ó tọ̀nà. Nígbà tí Smith & Wesson bá fi níkẹ́ẹ̀lì bo irú ìbọn yìí, wọ́n kì í fi bo òòlù àti tírígà, àwọ̀ èédú egungun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lára wọn. Irin tó yí tírígà ká sì máa ń jẹ́ búlúù lára ọ̀pọ̀ wọn. Oníṣẹ́ tó gba ìbọn náà lẹ́yìn ogójì ọdún kò mọ èyí, tàbí kó mọ̀ kó má bìkítà. Gbogbo ohun tó jẹ́ irin ló máa ń rì sínú omi níkẹ́ẹ̀lì. Lóòótọ́, oníbàárà lè ti béèrè fún ohun tó ṣàjèjì nígbà tó ń rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá níkẹ́ẹ̀lì ni lóòótọ́. Funfun níkẹ́ẹ̀lì máa ń ní ìpọ́n díẹ̀ nínú, ti kúróòmù sì máa ń tutù, á sì fẹ́ ṣe bíi búlúù. Àwọn ọdún 1920 ni fífi kúróòmù bo irin tó di iṣẹ́ ọjà, nítorí náà, rìfọ́fà ọdún 1890 tó bá wọ kúróòmù ti pààrọ̀ aṣọ. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá ti bó níbì kan tí ẹ sì rí bàbà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fura, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ òde òní ló máa ń fi bàbà tẹ́ ilẹ̀ kí níkẹ́ẹ̀lì tó wá. Ẹ má sì fi oògùn ìfọ̀bọn tó ní amóníà nínú nu irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Amóníà máa ń jẹ bàbà, ó sì lè gba abẹ́ ibi tó ti bó wọlé kó sì ṣí ìyókù kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Colt Single Action Army méjì ni mo rí, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá rà. Ara ti àkọ́kọ́ ti di eérú, ọ̀pá rẹ̀ sì ti ṣá. Ti èkejì náà ṣá ní ọ̀pá, ṣùgbọ́n àwọ̀ aláràbarà tó wà lára férémù rẹ̀ ń tàn yòò. Iye kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n.

ÌDÁHÙN: Èyí tó ti di eérú ni kí ẹ rà. Láti ọdún 1873 tí Colt ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn yìí ní Hartford, férémù tí wọ́n sun nínú èédú egungun tí wọ́n sì rì sínú omi lójijì ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọ̀ tí ìyẹn máa ń fún irin rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò láyé gígùn; ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́rà nìkan tó láti mú un lọ, àwọ̀ búlúù ọ̀pá sì máa ń pẹ́ jù ú lọ. Báwo ni ọ̀pá ṣe wá ṣá tí férémù kò ṣá? Ẹnì kan ló tún férémù sun, tàbí kó jẹ́ pé iná gáàsì àti ásíìdì ló fi ya àwọ̀ náà sí i. Títún un sun lè mú kí férémù wọ́ díẹ̀, ìyẹn sì burú ju ọ̀ràn àwọ̀ lọ.

Ẹ ṣáà yẹ àkọ́kọ́ náà wò kí ẹ tó sanwó. Bí eérú ara rẹ̀ bá jẹ́ ti ọjọ́ orí, àwọ̀ díẹ̀ yóò ṣì kù síbi tí ọwọ́ kì í dé: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìkọ́ta, ẹ̀gbẹ́ òòlù, àti abẹ́ èèkù. Bí ibi gbogbo bá funfun láìku ẹyọ kan, tí déètì ìwé-ẹ̀tọ́ (ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀) ti ọdún 1871 àti 1872 tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì sì ti ṣá jù, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ nù ún.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ńbà Smith & Wesson tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V. Ó dán, búlúù rẹ̀ sì mọ́ lóló. Ṣé ojúlówó ni?

ÌDÁHÙN: Ìbọn lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn kọ́. V dúró fún Victory, àwọn ìbọn tí wọ́n ṣe fún ogun láti ọdún 1942 sí 1945. Kò sẹ́ni tó ráyè dán irin lákòókò yẹn; àwọ̀ fọ́sífeètì tó ṣe eérú tí kì í kọ mànà ni wọ́n fi sí i. Lẹ́yìn ogun ni ti yín wọ búlúù.

Kí ẹ má ṣe rò pé gbogbo àtúnṣe ló ń ba ìbọn ológun jẹ́ o. Láti ọdún 1895, ìjọba Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ Colt Single Action Army tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti lò padà, wọ́n gé ọ̀pá wọn láti íńṣì 7½ sí 5½, wọ́n sì tún wọn ṣe. Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ wọn kò bá ara wọn mu mọ́, síbẹ̀ àwọn olùkójọ ń wá wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ rìfọ́fà Enfield ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní òǹtẹ̀ FTR tó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tún wọn ṣe pátápátá, pẹ̀lú ọ̀dà dúdú lára. Ẹni tó bá họ ọ̀dà náà kúrò kí irin lè dán ti ba ìtàn rẹ̀ jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lẹ́tà láti ilé-iṣẹ́ lè fòpin sí gbogbo àríyànjiyàn yìí?

ÌDÁHÙN: Ó lè fòpin sí ìdajì rẹ̀. Ẹ̀ka ìwé-ìpamọ́ Colt, àti Smith & Wesson Historical Foundation, máa ń gba owó, wọ́n á sì sọ ohun tí ìwé wọn ní nípa nọ́ńbà yín: ọjọ́ tí ìbọn náà jáde, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, gígùn ọ̀pá rẹ̀ àti irú àwọ̀ tó ní. Bí lẹ́tà bá sọ pé níkẹ́ẹ̀lì ni, tí búlúù sì wà lọ́wọ́ yín, ó parí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá sọ pé búlúù, tí búlúù sì wà lọ́wọ́ yín, kò tíì sọ búlúù ta ni. Ẹ ó tún padà sábẹ́ iná pẹ̀lú awò yín. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ nọ́ńbà Smith & Wesson ránṣẹ́, ìsàlẹ̀ èèkù ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe inú ibi tí apá ilé ọta ti ń ṣí, nítorí nọ́ńbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń to irin pọ̀ máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà tó bá sì ti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà yẹn wá, ìbọn ẹlòmíràn ló máa ṣàpèjúwe.